Àtẹ̀gùn Ilé Wa ní Awoyaya

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí sùúrù ń jẹ́, kó lọ fẹ́ bíríkìlà. Ọkọ mi, Fàtíù, ọmọ Ìwó, lè kọ́ ilé fún olówó nínú ẹsítéètì tó wà ní Lakowe, kó kọ́ ọ parí, kí olówó kó wọlé, kí olówó tún tà á fún olówó mìíràn, síbẹ̀ ilé tiwa kò ní tíì ní òrùlé. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n pè é. Inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, inú yàrá kan la ń gbé ní Addo, èmi àti òun àti àwọn ọmọ. Ẹ má bi mí pé mélòó ni wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ilẹ̀ tiwa wà ní Awoyaya, ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, ó wọnú díẹ̀ sí títì ẹsipirẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ mọ̀ pé omi ló ni ilẹ̀, àwa kàn yá a lò ni. Bí òjò bá rọ̀, ilé tí kò bá ga, ìkòkò ọbẹ̀ wọn á máa léfòó. Nítorí náà ni Fàtíù ṣe gbé ìpìlẹ̀ ilé wa sókè títí ilẹ̀ pálọ̀ fi ga dé ìbàdí mi, lẹ́yìn náà ló wá kọ́ àtẹ̀gùn síwájú rẹ̀.

Háà, àtẹ̀gùn! Ilé kò ní òrùlé, kò ní fèrèsé, kò ní ṣáláńgá, àmọ́ ó ti ní àtẹ̀gùn. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń fún bó ṣe ń gòkè, etí rẹ̀ rí roboto, irú èyí tó máa ń ṣe fún àwọn ará Lakowe. Àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yà wá wò ó. Fàtíù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa dá wọn lóhùn bí bàbá ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Èmi ò bá àtẹ̀gùn jà nígbà yẹn. Tèmi ni apá ọ̀tún iwájú ilé. Aránṣọ ni mí. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń rán lábẹ́ tapólì kan ní Addo. Bí òjò bá dé, mo gbé máṣíìnì sá. Bí òòrùn bá mú jù, mo tún gbé máṣíìnì sá. Fàtíù ti ṣèlérí pé bí ilé bá parí, ṣọ́ọ̀bù mi á wà lápá ọ̀tún yẹn, ṣọ́ọ̀bù gidi tó ní ògiri àti ìlẹ̀kùn. Èmi fúnra mi ni mo kan èèkàn síbẹ̀ tí mo sì ta okùn yí i ká. Ìgbàkígbà tí mo bá dé Awoyaya, àárín okùn yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ dúró sí, màá máa wo ibi tí máṣíìnì á wà àti ibi tí oníbàárà á jókòó sí.

Báyìí ni mo wà tí mo fi lóyún. Kì í ṣe oyún òjijì, àwa méjèèjì la fẹ́ ẹ. Nígbà tó kọjá oṣù mẹ́rin, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù aládàáni kan ní Ajah ní kí n lọ ṣe sikáàn. Ọkùnrin tó ń ṣe sikáàn náà lẹ́nu bí asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí tòmátì ṣe wọ́n, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe tún tú títì. Àfi bí ẹnu rẹ̀ ṣe dákẹ́ wẹ́lo. Ó ń gbé nǹkan ọwọ́ rẹ̀ padà sí ojú kan náà lórí ikùn mi, ó gbé e lọ, ó tún gbé e bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ pe ọkọ mi wá kí dókítà lè rí àwa méjèèjì.

Fàtíù wá láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú símẹ́ǹtì létí ṣòkòtò. Dókítà náà kò tíì dàgbà púpọ̀, onísùúrù èèyàn sì ni. Àmọ́ Fàtíù ló kọjú sí, òyìnbó ló sì ń sọ, àfi bí ẹni pé inú Fàtíù ni oyún wà.

Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo gbé e. Ẹ kọjú sí mi, kẹ́ ẹ sọ Yorùbá."

Ó bẹ̀ mí, ó sì kọjú sí mi. Ó ní eegun ẹ̀yìn ọmọ náà kò pa dé nísàlẹ̀, ohun tó yẹ kí eegun bò mọ́nú ti yọ síta. Ó ní bí wọ́n bá ti bí i, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má lágbára. Ó ṣeé ṣe kó má rìn rárá. Ó ṣeé ṣe kó má lè mọ̀ bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Ó ṣeé ṣe kí omi máa gbá jọ sí i lórí, kí wọ́n máa wá bí wọ́n ṣe máa fà á. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, kó máa lọ sí iléèwé bí ọmọ ẹlòmíì.

"Ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe," ni mo wí. "Èwo ló dájú níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màmá. A ò lè mọ bó ṣe máa le tó títí wọ́n á fi bí i. Àyẹ̀wò kan ṣì wà. Abẹ́rẹ́ la máa fi fa díẹ̀ nínú omi tó yí ọmọ ká, ká lè mọ̀ bóyá nǹkan míì wà lára ẹ̀ tí sikáàn ò lè fi hàn wá. Mi ò ní tan yín, ó ní ewu díẹ̀, nígbà míì oyún máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tí rìsọ́ọ̀tì bá ti jáde, ẹ̀yin méjèèjì á wá mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é."

"Bá a ṣe fẹ́ ṣe kí ni?"

Ó wo tábìlì. "Àwọn kan kì í tẹ̀ síwájú."

"Síwájú lọ síbo?"

 Òfin ò jẹ́ kó là á mọ́lẹ̀, ojú tí mo fi ń wò ó náà ò sì jẹ́. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan nínú yàrá yẹn ní ẹnu ni.

Mo wá wo Fàtíù. Mo rò pé á dì mí lọ́wọ́ mú, tàbí á bínú, tàbí á sunkún, èyíkéyìí tó bá ṣe màá gbà á. Fàtíù wá ní, "Dókítà, ṣé á lè gun àtẹ̀gùn?"

Ẹ gbà mí o! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé. Wọ́n ní ọmọ rẹ lè má rìn, àtẹ̀gùn rẹ lo rántí! Dókítà ní rárá, pé kẹ̀kẹ́ arọ ló ṣeé ṣe kó máa lò. Fàtíù mi orí, ó sì pa ẹnu dé. Kò là á nínú kórópe tá a wọ̀ padà sílé, kò là á lórí oúnjẹ, kò là á lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá Ràṣídì," ni mo ń wí, "kí la máa ṣe?"

"Jẹ́ kí n rò ó ná."

Bó bá ti di àárọ̀, á gba iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ Àìkú tí iṣẹ́ kò sí ní Lakowe, ó ní òun ń lọ sí Awoyaya. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ bá òun lọ. Èmi náà ò sì bi í ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, nítorí mo gbà pé àtẹ̀gùn rẹ̀ ló fẹ́ lọ wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Fèyíkẹ́, tó ń ta rọ́bà lọ́jà Ajah, wá bá mi nídìí máṣíìnì. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Fàtíù ló sọ fún wọn, Fàtíù tí kò lẹ́nu láti bá mi sọ̀rọ̀. Àǹtí gbé omi tí Ààfáà ti ṣàdúà sí dání.

"Sikáàn ń purọ́!" ni wọ́n wí. "Ṣé kì í ṣe sikáàn ló ní obìnrin ni Ìyá Bọ̀sún máa bí? Kí ló bí? Ọkùnrin bọ̀ǹbọ̀! Máṣíìnì lásán-làsàn. Mu omi yìí, ìyàwó wa, kó o má dá wọn lóhùn."

Mo mu ún. Àdúà ni, òǹgbẹ sì ń gbẹ mí.

Kò pẹ́ sígbà náà, Àǹtí tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fa bẹ́ǹṣì mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú tó máa bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Nọ́ọ̀sì kan wà tí mo mọ̀ lẹ́yìn ọjà. Kò ní gbà tó wákàtí kan."

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní sikáàn ń purọ́."

"Ó ń purọ́ náà. Tí kò bá wá purọ́ ńkọ́? Ta lá máa gbé e wọlé, ta lá máa gbé e jáde? Tó bá dàgbà ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn ẹ lá ṣì wà? Àwọn tó o ti bí náà ńkọ́, ta ló máa fẹ́ wọn, tí wọ́n bá gbọ́ pé arọ wà nílé wọn?"

Mo sọ fún wọn pé oníbàárà ń bọ̀. Irọ́ ni. Mi ò lè bínú sí wọn bó ṣe yẹ, nítorí gbogbo ìbéèrè wọn yẹn lèmi náà ń bi ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń wá oúnjẹ, bí mo bá ti ń tẹ máṣíìnì, ẹsẹ̀ mi ni màá máa wò bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ọmọ náà sì ń mira. Nígbà tí mo lóyún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí wọ́n bá ta mí nínú báyìí, màá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Èyí, bó bá ti ta mí, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ ni tàbí orí.

Gbogbo ẹni tí mo bá sì fẹ́ fọ̀rọ̀ lọ̀, gbólóhùn kan ni wọ́n ń bi mí. Nọ́ọ̀sì pè mí lórí fóònù: "Kí ni Ọ̀gá wí?" Ìyá onílé wa, tó gbọ́ lẹ́yìn ògiri: "Kí ni Bàbá Ràṣídì wí?" Bàbá Ràṣídì ò wí nǹkan kan o! Ẹ kú ìbéèrè! Kò sẹ́ni tó bi mí pé, Bàlíkísù, ìwọ ńkọ́?

Nígbà tó yá, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà kó má bàa ríbi jáde. "Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ní ká wá fún àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ yẹn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá ṣe é. Àmọ́ mi ò ní dá nìkan lọ pinnu ẹ̀. Ẹ bá mi débẹ̀, kí n rójú ẹni tí màá wò."

Ó ní, "Màá wá. Màá gba Awoyaya wá bá ẹ níbẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ pé. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Wọ́n pe orúkọ mi, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ọkọ mi ń bọ̀. Wọ́n pe ẹlòmíì. Wọ́n tún pe èmi. Mo pe fóònù Fàtíù, ó dún títí ó fi dákẹ́. Àwọn obìnrin tó jókòó bá mi ti ń fi ojú àánú wò mí, mo sì kórìíra ojú àánú. Nọ́ọ̀sì wá bi mí bóyá kí àwọn máa bá a lọ láìsí Ọ̀gá. Mo dìde, mo gbé báàgì mi, mo bọ́ sí títì, mo wọ kórópe tó ń lọ sí Awoyaya.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to èébú. Mo yọ ti ìyá rẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ṣe mí dáadáa, ṣùgbọ́n mo fi ti Ìwó sí i. Ìgbà tí mo bọ́ọ́lẹ̀, mo ti há a sórí tán, ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí màá ti mí.

Nígbà tí mo dé iwájú ilé, gbogbo rẹ̀ fò lọ lórí mi. Àtẹ̀gùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àfọ́kù rẹ̀ ni wọ́n kó jọ gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ṣì rí àwọn etí rẹ̀ tó rí roboto níbẹ̀. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ló ti ẹnu ìlẹ̀kùn wálẹ̀, wọ́n ti rẹ́ ẹ jọ̀lọ̀, ó ti gbẹ. Fàtíù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń to búlọ́ọ̀kù sí etí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣe ọgbà. Símẹ́ǹtì tútù wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó wo òòrùn, ó sì fi ọwọ́ lu orí.

"Yéè! Ọjọ́bọ̀!"

"Fàtíù!" Orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo pè, láàárín àdúgbò. Ẹ̀yin àti ẹ̀yin ti tán lẹ́nu mi. "Níbo lo wà? Wọ́n pe orúkọ mi lójú gbogbo èèyàn!"

"Mo ti po símẹ́ǹtì kí n tó rántí. O mọ̀ pé téèyàn bá ti fomi sí i, kò ṣeé fi sílẹ̀, á dì. Mo ní kí n yára lò ó tán kí n máa bọ̀. Ìgbà tó tán, ó ku búlọ́ọ̀kù díẹ̀, mo bá tún po òmíì."

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí n tó máa sọ ọ́ lọ. Ó tún po òmíì!

"Àtẹ̀gùn ẹ ńkọ́?"

"Mo wó o lọ́jọ́ Àìkú. Ṣebí dókítà ní kò ní lè gùn ún."

Mo wá ibi jókòó. Ìbínú mi kò lọ, ó kàn yí ojú padà ni. "Ta ló sọ fún ẹ pé màá bí i? Gbogbo bó o ṣe dákẹ́ yẹn, o ti pinnu? O po símẹ́ǹtì, o fi pinnu ohun tó wà níkùn mi?"

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.  "Mi ò pinnu nǹkan kan, Ìyá Ràṣídì. Gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ, ó máa ń jọ pé mò ń pàṣẹ fún ẹ. Mo bi Àǹtí bí mo ṣe máa sọ ọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Mo ní kí n kúkú ṣe èyí tí ọwọ́ mi mọ̀. Tó o bá bí i, á rí ọ̀nà wọlé." Ó wo ilẹ̀. "Tó ò bá sì bí i, bárò á máa gbabẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Ẹkún ìbínú ni, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin sikáàn yẹn ti dákẹ́, òun lẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi láì tì mí síbì kan. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn? Ó di ìgbà tó wó odindi àtẹ̀gùn!

Nígbà tí mo nu ojú tán, mo wá wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

"Kó búlọ́ọ̀kù sínú bárò," ni mo wí. "Tì í gòkè kí n rí i."

Ó kó o. Ó fa bárò sẹ́yìn títí dé etí títì àdúgbò, ó sáré, ó forí lé e, ó kérora, ó dé òkè. Ó yíjú padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sọ̀ kalẹ̀. Tún un ṣe. Má sáré."

Kò dé ìdajì. Bárò dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lé e lórí, búlọ́ọ̀kù kan já bọ́, díẹ̀ ló kù kó bà á lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ nìyẹn o, bíríkìlà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ṣé etí títì lọmọ náà á ti máa sáré bọ̀ kó tó lè wọlé bàbá ẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé ó ga," ló wí.

"O mọ̀?"

"Kó tó lè dẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gùn. Á ní láti yí gba apá ọ̀tún." Kò nawọ́ síbẹ̀, ojú nìkan ló gbé síbẹ̀, sí okùn mi. "Ṣọ́ọ̀bù ẹ ló wà níbẹ̀. Kò síbòmíì tí ṣọ́ọ̀bù lè wà mọ́ tí mo bá gbà á. Mi ò lè gbà á láì bi ọ́."

Orí mi fẹ́ là. "O wó àtẹ̀gùn láì bi mí! O rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ láì bi mí! O fi mí sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì láì bi mí! Ṣọ́ọ̀bù lo wá fẹ́ bi mí!"

"Ìwọ lo kan èèkàn ẹ̀," ló wí.

Mo dìde, mo wọ àárín okùn. Mo dúró síbi tí máṣíìnì máa wà. Láti ibẹ̀, èèyàn á máa rí ẹni tó ń kọjá, ìmọ́lẹ̀ á sì máa tọ̀ ọ́ láti apá òsì, bó ṣe dáa fún aránṣọ. Mo ro tapólì Addo. Mo ro òjò. Inú mi kò dùn sí ohun tí mo fẹ́ ṣe, kò sì tíì dùn sí i títí dòní, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ẹni mímọ́. Ọmọ náà ta mí. Ọwọ́ ni, orí ni, mi ò mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di èèkàn kan mú, mo fà á. Ó ti rì wọlẹ̀ dáadáa, nítorí èmi ni mo kàn án. Fàtíù sáré wá láti bá mi fà á.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ó dúró. Mo mì í sọ́tùn-ún sósì títí ó fi tú, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn sì rọ̀ wálẹ̀.

"Wó ìyẹn," ni mo wí. "Ó ga jù fún ọmọ mi."

Ó wò mí. Ó wo okùn tó wà nílẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé la máa padà lọ bá dókítà. Èmi àti ìwọ. Wọn ò ní fi abẹ́rẹ́ fa omi kankan lára mi. Ìbéèrè la fẹ́ lọ bi í."

"Ìbéèrè wo?"

"Ohun míì tó yẹ ká wó kó tó dé."

Mo bọ́ sídìí èèkàn kejì. Símẹ́ǹtì tó ti pò wà nílẹ̀ nínú òòrùn, ó ti ń dì létí létí, Fàtíù ò sì tilẹ̀ wò ó. Ó lọ gbé òòlù ńlá.